Ìka Tí Bàbá Fi Di Fáànù Mú

Mo rántí ìgbà tí kọ̀m̀pútà mi ń gbóná bí áyọ́ọ̀nù, tí òórùn eruku tó ń jóná sì ń jáde lẹ́yìn rẹ̀. Igbó-Elérin ni mo ti ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ̀wé nígbà náà, kọ̀m̀pútà kan ṣoṣo yẹn ni mo sì fi ń jẹun. Pírójẹ́ẹ̀tì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin wà nínú rẹ̀, ọjọ́ kejì ni wọ́n ń bọ̀ wá gbà á.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tí wọ́n ń tún kọ̀m̀pútà ṣe ní Ajangbadi, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Àwọn èèyàn ti sọ fún mi pé àwọn oníṣẹ́ yẹn máa ń yọ ojúlówó, wọ́n á fi ayédèrú sí i. Bí bàbá ṣe tú u tán, mo yọ kútẹ́ẹ̀sì pupa nínú báàgì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi sàmì sí gbogbo ohun tí mo rí nínú rẹ̀, ọlọ́gbọ́n èèyàn!

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Màdáámù, ṣé ẹ fẹ́ kun ilé ni?"

Wọ́n ti yọ wáyà iná kúrò. Wọ́n fọwọ́ kan irin kí wọ́n tó fọwọ́ kan inú kọ̀m̀pútà, èmi sì ń rò ó pé kí ni wọ́n ń wá lára irin, mi ò mọ̀ pé torí kí iná tó wà lára èèyàn má bàa ba kọ̀m̀pútà jẹ́ ni. Wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbọn eruku, wọ́n wá gbé ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn, wọ́n tàn án sí eruku tó kù, wọ́n sì fi ìka tẹ fáànù inú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìka yẹn ni mi ò gbà. Ó dá mi lójú pé wọ́n ń fi nǹkan pa mọ́ sábẹ́ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ gbọ́wọ́ yín kúrò níbẹ̀!"

"Mò ń dì í mú ni. Tí atẹ́gùn yìí bá yí i, á bàjẹ́."

"Ẹ ṣáà gbé e kúrò, ojú mi ti là o!"

Wọ́n wò mí, wọ́n gbé e kúrò. Fáànù náà fi igbe ta, ó yí bírí, apá rẹ̀ kan sì kán.

Mo bú sẹ́kún. Bàbá tú kọ̀m̀pútà tiwọn, wọ́n yọ fáànù inú rẹ̀, wọ́n sì fi sí tèmi. Èmi náà tún tẹ orí ba, mò ń wò ó bóyá ó ti gbó.

"Ó ti yá, ẹ lọ parí iṣẹ́ yín."

Ní báyìí, èmi ni mo ń gbọn eruku kọ̀m̀pútà mi, mo sì máa ń di fáànù mú. Ìtìjú ò jẹ́ kí n tètè padà lọ tọrọ àforíjì. Nígbà tí mo fi máa lọ, bàtà ni wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù náà, ẹni tó ń tà á ò sì mọ ibi tí bàbá kó lọ.