Kéèsì Tí Kì Í Ṣe Ẹjọ́

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí lọ́jọ́ tí mo sọ ìyá bàbá mi di ẹlẹ́jọ́. A jókòó sínú yàrá wọn ní àjà kẹrin ilé wa ní Peckham, nílùú òyìnbó. Ẹ̀rọ ìránṣọ ọlọ́wọ́ wọn ń dún kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀, òórùn òróró rẹ̀ pọ̀ mọ́ òórùn aṣọ tuntun. Bàbá mi ti iṣẹ́ òru dé, ó ń sùn. Màmá mi wà níbi iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà káńsù ṣe bọ́ sí mi lọ́wọ́.

"Kà á fún mi," ni Màmá àgbà wí. Wọn ò dáwọ́ ẹ̀rọ dúró.

Mo kà á lọ́kàn mi ní Gẹ̀ẹ́sì, mo sì túmọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìgboyà. "Wọ́n ní àwọn ti ṣí kéèsì yín, ẹjọ́ yín nìyẹn. Kí ẹ wá rojọ́ ní Thursday. Tí ẹ ò bá wá, wọ́n á pa ẹjọ́ náà dé."

Ẹ̀rọ dákẹ́. "Ẹjọ́? Èmi tí ọlọ́pàá ò wá délé rí? Ta ni mo ṣẹ̀?"

"Wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀, Màmá."

"Tí mi ò bá lọ, ó parí nìyẹn?"

"Ó parí, mà."

"Alhamdulillah. Ẹjọ́ tó fẹ́ parí fúnra rẹ̀, kí ni mò ń tẹ̀ lé e kiri fún?" Wọ́n ká lẹ́tà náà sábẹ́ ẹ̀rọ. "Má sọ fún bàbá rẹ o. Àyà rẹ̀ á já."

Ohun tí àwa méjèèjì ò mọ̀ ni pé bàbá mi ti kọ̀wé sí káńsù láti béèrè ilé ìsàlẹ̀ fún wọn. Orúnkún wọn ti le, ilé wa ò sì ní lift. Láti ìgbà tí ààwẹ̀ ti parí ni wọn ò ti fẹsẹ̀ kan mọ́ṣáláṣí. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ wọ́n á ṣe àlùwàlá, wọ́n á jókòó sójú fèrèsé, wọ́n á máa wo àwọn obìnrin tó ń kọjá lọ kírun. Nígbà tó bá yá, wọ́n á kí tiwọn lórí àga. Bí a bá jẹ́ kí "ẹjọ́" yẹn parí, Ọlọ́run nìkan ló mọ ìgbà tí ó tún máa kàn wọ́n.

Nírọ̀lẹ́ Alárùba, ọ̀la ni káńsù ń retí Màmá àgbà, màmá mi wọlé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. "Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé àwọn pillowcase ti pé? Ẹni tó ní kí ẹ rán wọn máa tó dé."

Màmá àgbà gbórí sókè. "Pillow kí ni?"

"Pillowcase, mà."

"Kéèsì? Ìrọ̀rí náà ń ṣẹjọ́ ni?"

Màmá mi rẹ́rìn-ín wọ kíṣìnnì lọ. Màmá àgbà ò rẹ́rìn-ín. Èmi ni wọ́n ń wò.

"Ìwọ, kí ni wọ́n tún ń pè ní kéèsì nínú ilé yìí?"

Mo fa suitcase wọn jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo mú glasses case wọn wá. Wọ́n fọwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń yẹ aṣọ wò. "Èyí gba ìrọ̀rí, èyí gba aṣọ, èyí gba ìgò ojú. Ẹjọ́ dà níbẹ̀?"

"Ó ku staircase, Màmá. Àtẹ̀gùn tó wà níta yẹn."

Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ìyẹn gan-an lọ̀tá mi. Mú lẹ́tà yẹn wá. Kà á ní Gẹ̀ẹ́sì sétí mi. Má fo nǹkan kan."

Mo kà á díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí mo dé "your housing case", wọ́n dá mi dúró.

"O ò ka housing fún mi níjọ́sí."

"Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ ní Yorùbá ni, mà."

"O wá fò ó." Wọn ò gbé ohùn sókè. "Ọ̀rọ̀ ilé mi ni wọ́n fẹ́ gbọ́, ìwọ ń gbé mi lọ sí kóòtù. Lọ jí bàbá rẹ."

Ìsinmi ilé ìwé ni, nítorí náà mo bá wọn lọ lọ́jọ́ kejì. Wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ sọ̀kalẹ̀, ọwọ́ kan lára irin, ọwọ́ kejì léjìká bàbá mi. Mo ń ka àtẹ̀gùn bí a ṣe ń lọ: méjìdínláàádọ́ta.

Ní ọ́fíìsì, obìnrin tó jókòó sídìí tábìlì bi bàbá mi pé kí ni kéèsì ìyá rẹ̀. Bàbá mi ti la ẹnu, ṣùgbọ́n Màmá àgbà gbọ́wọ́ sókè.

"Jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́." Wọ́n yíjú sí obìnrin náà. "Madam, my case is staircase."

Obìnrin náà fi bírò sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó tún gbé e. "How many stairs?"

Màmá àgbà wò mí. "Forty-eight," ni mo dáhùn. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì gba lẹ́tà dókítà lọ́wọ́ bàbá mi.

Kí ààwẹ̀ mìíràn tó dé, kọ́kọ́rọ́ ilé ìsàlẹ̀ ti wà lọ́wọ́ wọn. Ní Jímọ̀ àkọ́kọ́, gbogbo wa dìde láti sìn wọ́n. "Ẹ jókòó," ni wọ́n wí, "mo mọ̀nà." Wọ́n wọ híjáàbù funfun, wọ́n ṣílẹ̀kùn, ẹsẹ̀ wọn bọ́ sórí títì tààrà. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń kí ọ̀tún, tí wọ́n ń kí òsì, bí ẹni tó ti ogun dé tó sì ṣẹ́gun.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣe tíṣà lẹ́yìn ìyẹn. Bí ọmọ bá yára sọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan fún mi, mo máa ń bi í pé ọ̀rọ̀ wo ló jókòó ti ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ kì í dá gbé. Àwọn ará ilé rẹ̀ ló ń sọ irú ẹni tó jẹ́. Bí mi ò bá sì mọ ọ̀rọ̀ kan, mo máa ń sọ ọ́ níṣojú gbogbo kíláàsì, nítorí mo ti rí ohun tí fífò lè ṣe.

Ẹ̀yin tí ọmọ ń kàwé fún, ẹ fi sùúrù bi í ní ohun tó fò. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ máa wí pé, "Mi ò mọ èyí." Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n.