Àwọn Ẹyẹ Tí Ìyá Mi Dojú Wọn Dé

Òórùn fóòmù àtijọ́ ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí: eruku, òróró irun, àti ẹ̀pà tí ẹnì kan jẹ kù sínú àga láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Àárọ̀ ọyẹ́ kan ni, ní ilé wa ní Òkè-Sópìn, Ìjẹ̀bú-Igbó. Bọ̀dá Súlè, tó ń wọ àga láṣọ fún ìdajì ìlú, ti dojú àga gígùn pálọ̀ wa bolẹ̀ sẹ́yìnkùlé, ó ń fi ọ̀bẹ tú ikùn rẹ̀. Ohun tó jáde níbẹ̀ ni ìyarun, eegun adìẹ, àti rúlà mi. Rúlà yìí, tí wọ́n ní mo sọ nù, ni wọ́n tìtorí rẹ̀ nà mí lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan nílé, lẹ́ẹ̀kan nílé-ìwé. Mo gbé e lọ bá ìyá mi gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ó wò ó, ó ní, "Ṣé o wá rí i pé kò sọnù?" Ẹjọ́ parí síbẹ̀. Títí dòní, kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti rúlà ni mo bá wá. Tíṣà ni ìyá mi, ó sì ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé bí mo bá gba ipò kìíní ní kíláàsì, èmi ni n ó yan aṣọ tí a ó fi wọ àga náà. Mo sì gba ipò kìíní náà, èmi tí ìṣirò ń lé kiri. Nítorí náà, nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ aláṣọ ní Ojowo, mi ò bá wọn ṣeré lọ. Ẹ̀tọ́ mi ni mo lọ gbà.

Bàbá mi ti rán wa pé ká mú aláwọ̀ ilẹ̀, "tí kì í tú àṣírí ẹni tó bá da ọbẹ̀ sí i." Mi ò tiẹ̀ wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lókè pátápátá ni tèmi wà: aláwọ̀ ewé tó ń dán, tí ẹyẹ ẹlẹ́nu pupa kún inú rẹ̀, tí gbogbo wọn sì ń bojú wẹ̀yìn bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ. Aláṣọ pàtẹ́wọ́. "Ìyá Tíṣà, ọmọ yín mojú aṣọ o!" Ìyá mi fọwọ́ pa á, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ́. Ó yẹ kí n ti fura níbẹ̀. Ta ní ń wo ẹ̀yìn aṣọ pẹ́ bẹ́ẹ̀?

Ní ilé-ìwé, mo ròyìn àwọn ẹyẹ náà títí olùkọ́ fi ní kí n lọ dúró síta. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ parí, mo mú Bísí ọ̀rẹ́ mi wálé. A ṣílẹ̀kùn pálọ̀. Ohun tó jókòó síbẹ̀ rí bí eérú, òwú sì já sílẹ̀ lára rẹ̀ bí irùngbọ̀n òbúkọ.

"Àwọn ẹyẹ náà dà?" Bísí bi mí. "Àbí wọ́n ti fò lọ?"

Mo ké sí Bọ̀dá Súlè tó ń kó òòlù rẹ̀ sápò. "Bọ̀dá, ẹ ti wọ̀ ọ́ sódì!"

"Èmi kọ́ o," ló wí. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bi ìyá ẹ. Wọ́n ní ojú aṣọ tó dára ò gbọdọ̀ rí oòrùn."

Ìyá mi kò tiẹ̀ sá. "Ìwọ lo yan aṣọ. Èmi ni mo yan ojú tó máa wà níta. Lọ́jọ́ tó o bá wọ yunifásítì, a ó yí i. Tọ́jú ohun rere, ohun rere á tọ́jú ìwọ náà." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e yẹ̀ wò. Nínú àdéhùn wa, ẹnikẹ́ni ò dárúkọ yunifásítì. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí! Bàbá mi ní tirẹ̀ jókòó sórí eérú náà, ó fẹ̀yìn tì. "Ó jọ aláwọ̀ ilẹ̀," ló wí. "Ó dáa."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń jókòó lórí ẹ̀yìn ẹyẹ. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin, tó ń pẹja ní Òde-Omi, wá kí wa, ó tẹjú mọ́ àwọn àmì rádaràda tó wà lára àga. "Àbúrò mi, irú ẹja wo rèé? Ẹni tó tà á fún yín rẹ́ yín jẹ." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Lọ́sẹ̀ yẹn ni mo ṣe ohun tí wọ́n ṣì fi ń pè mí ní ọ̀daràn. Mo mú pẹ́ńsùlù tó mú ṣóńṣó, mo dá ihò sí apá àga tó fara ti ògiri, mo sì ká etí rẹ̀ sókè. Ẹnu pupa kan yọ sí mi. Ojoojúmọ́ ni mo ń lọ kí i.

Nígbà tó yá, yunifásítì gbà mí ní Àgọ́-Ìwòyè. Mo gbọ́dọ̀ sòótọ́: ìyá mi kò yẹ àdéhùn tirẹ̀. Bọ̀dá Súlè tú aṣọ, ó yí i, àwọn ẹyẹ sì yọ jáde, kò sí ọ̀kan tó ṣá. Omijé bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n aṣọ tí a bá yí ojú rẹ̀ padà, apá òsì rẹ̀ á di apá ọ̀tún. Aṣọ apá tó fara ti ògiri ti bọ́ sí apá tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ihò mi sì wà níbẹ̀ gbangba, lọ́rùn ẹyẹ tó tóbi jù.

"Ta ló pa ẹyẹ yìí?" ìyá mi bèèrè, èmi nìkan ló sì ń wò. Kí n tó di ẹrù tán, ó ti fi bẹ́ẹ̀díṣíìtì funfun bo àga náà láti òkè délẹ̀. Nítorí ihò kan! Mo lọ sí Àgọ́-Ìwòyè láìjókòó lórí ẹyẹ kankan.

Mo ti gba oyè méjì láti ìgbà náà, n kì í sì í gbà kí ẹnikẹ́ni rẹ́ mi jẹ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àga tèmi náà gbó. Ọmọbìnrin mi ló yan aṣọ, olódòdó pupa roro tó ń tàn. Mo ti ṣèlérí fún un. Bọ̀dá Súlè, tó ti hewú báyìí, ló wá. Ó na aṣọ náà, ó wò mí lójú. "Ọmọ Tíṣà, ojú wo ni ká fi síta?"

Gbogbo ẹjọ́ tí mo ti ń rò láti ọmọ ọdún mẹ́wàá dìde sí mi lẹ́nu. Mo wo òdòdó. Mo wo oòrùn ojú fèrèsé. Mo wo aṣọ náà lẹ́ẹ̀kan sí i: ó ti mọ́ jù.

"Ẹ kọ́kọ́ fi ẹ̀yìn síta ná."

Bọ̀dá Súlè rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ọmọ mi kò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí bí mo ṣe wo ìyá mi lọ́jọ́ tí èmi àti Bísí ṣílẹ̀kùn pálọ̀, ó sì wọ yàrá lọ. Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà náà ì bá gbèjà rẹ̀. Àgbà tí mo dà ti kó gbogbo pẹ́ńsùlù ilé pamọ́ sórí àjà.