Ọjọ́ Tí Kẹ̀kẹ́ Bọ̀ọ̀dá Gàní Dọ̀bálẹ̀

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí à ń gbé ní Àgbowó, kò sí ohun tó wù mí tó kẹ̀kẹ́. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí àwọn tó máa ń fi kẹ̀kẹ́ háyà fún ọmọdé lẹ́bàá ọ̀nà. Bí o bá ti gùn ún dé ìdí igi tí wọ́n fi ṣe àmì, o gbọ́dọ̀ yí padà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ á sáré tẹ̀lé ọ pẹ̀lú bàtà kan lẹ́sẹ̀. Bí mo bá ti fọ abọ́ tán, tí mo pọn omi kún dúrọ́ọ̀mù, ibẹ̀ ni ẹ ó ti bá mi. Bàbá mi kò fẹ́ ẹ rárá. Ọjọ́ tí wọ́n bá rí àpá ṣéènì lára ṣòkòtò mi, màá kúnlẹ̀, màá káwọ́ sókè títí wọ́n á fi kírun tán. Àdúà wọn sì máa ń gùn lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́, Ìbàdàn kì í ṣe ìlú kẹ̀kẹ́. Òkè ti pọ̀ jù. O lè gùn ún kúrò ní Àgbowó, àmọ́ kí o tó dé Mọ́kọ́lá, wàá ti sọ̀ kalẹ̀ tì í títí, àfi bíi pé kẹ̀kẹ́ ló ń gùn ọ́.

Bọ̀ọ̀dá Gàní, àbúrò bàbá mi, ló fi ilẹ̀ tó tẹ́jú hàn wá. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé láti ìgbà tí wọ́n ti Ṣakí dé, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní Dùgbẹ̀. Bí ilé ẹ̀kọ́ wa bá ti gba họlidé, wọ́n á di kẹ̀kẹ́ wọn àti kékeré kan tí wọ́n yá fún mi sórí ọkọ̀ elérù tó ń lọ sọ́jà Èrúwà. Létí odò Ògùn la ti máa ń sọ̀ kalẹ̀. Àbúrò mi obìnrin, Sìdí, á jókòó sórí káríà lẹ́yìn Bọ̀ọ̀dá, èmi á tẹ̀ lé wọn, ó di ọ̀nà ẹsẹ̀ etí odò.

Ha! Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ bí ẹní. O kàn máa fi ẹsẹ̀ kan pẹ́dà díẹ̀ ni, kẹ̀kẹ́ á máa lọ fúnra rẹ̀. Afẹ́fẹ́ omi á máa fẹ́ wa lójú, òórùn ẹja tí wọ́n ń yan á máa tẹ̀ lé wa láti abúlé dé abúlé, lékeléke á fò sókè níwájú wa. Bọ̀ọ̀dá máa ń dá wa dúró létí yàrà àtijọ́ kan tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí tán. Wọ́n á ní ìlú ńlá ló wà níbẹ̀ kí ogun tó tú u, pé odi ló yí i ká. Èmi ò rí ju koríko àti àpáàdì lọ, ṣùgbọ́n Sìdí á ṣa àpáàdì sápò, á ní òun fẹ́ tún ìlú náà tò. Ibẹ̀ la ti máa ń jẹ búrẹ́dì àti àkàrà tó ti tutù, kò sì sí oúnjẹ tó dùn tó o láyé.

Ohun kan ṣoṣo ló máa ń fà wá sẹ́yìn: ìkíni. Ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ kò gbọdọ̀ kọjá àgbà lórí ìjókòó. O ní láti sọ̀ kalẹ̀, kí o kí wọn dáadáa, kí o tó tún gùn ún. Bí àgbà bá pọ̀ létí ọ̀nà, ìrìn ẹsẹ̀ la máa ń rìn la abúlé já. Bọ̀ọ̀dá Gàní ló kọ́ wa, bí mo bá sì gbàgbé, wọ́n á lọ́ mi létí.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, ọ̀rọ̀ náà kọjá fàájì. Bọ̀ọ̀dá ń fẹ́ Àǹtí Rísì, tó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ ní Baṣọ̀run. Òdìkejì odò yẹn gan-an ni ilé wọn, bàbá wọn ló sì ń fi ọkọ̀ ojú omi kó èèyàn sọdá. Bọ̀ọ̀dá kò tíì fojú kan bàbá yìí rí. Àǹtí Rísì ti kìlọ̀ fún wọn ní pálọ̀ wa, etí mi wà níbẹ̀: "Bí Bàbá ò bá gba tiyín lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ má wulẹ̀ wá ẹni tó máa bẹ̀ wọ́n."

Torí náà ni Bọ̀ọ̀dá ṣe wọ ṣáátì funfun, tí wọ́n sì fi àdín pa kẹ̀kẹ́ títí ó fi ń dán. Wọ́n pa irin, wọ́n pa wáyà, wọ́n pa ríìmù. Màmá mi ń wò wọ́n. "Gàní, ṣé kẹ̀kẹ́ lo fẹ́ gbé níyàwó ni?" Bọ̀ọ̀dá rẹ́rìn-ín, wọ́n tún bu àdín sí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gun kẹ̀kẹ́ mọ̀ pé ríìmù ni bíréèkì máa ń dì mú. Bọ̀ọ̀dá náà mọ̀. Ìfẹ́ ni ò jẹ́ kí wọ́n rántí.

Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan ṣoṣo wà ní gbogbo agbègbè yẹn, òun ló sì sọ̀ kalẹ̀ sí ibi tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀. Bàbá arúgbó kan jókòó níbẹ̀, àjẹ̀ wà lórí itan wọn. Bọ̀ọ̀dá fa bíréèkì, bíréèkì yọ̀. Wọ́n tún fà á. Kẹ̀kẹ́ túbọ̀ ń sáré ni. Nígbà tí ẹ̀rù bà wọ́n, aago ni wọ́n ń tẹ̀, gbínrín, gbínrín, gbínrín! Bàbá fò dìde kúrò lọ́nà. Sìdí, ọmọ tí wọ́n kọ́, ké láti orí káríà bí wọ́n ṣe ń kọjá lọ fìì: "Ẹ káàárọ̀ o, sà!" Ẹrẹ̀ etí omi ló gbà wọ́n dúró.

Bàbá ò pariwo. Wọ́n ní: "Aago ti kí mi. Ọmọdé ti kí mi. Ọkùnrin tó wà láàárín wọn ńkọ́?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Bíréèkì ni."

"Mi ò bi ọ́ léèrè bíréèkì. Padà sókè, kí o wá bí ọmọ tó nílé."

Bọ̀ọ̀dá ti kẹ̀kẹ́ padà sókè. Wọ́n tì í sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú ṣáátì funfun.

"Kẹ̀kẹ́ ńkọ́?" Bàbá wí. "Ṣebí òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ sí mi."

Bọ̀ọ̀dá nawọ́ láti ilẹ̀, wọ́n rọra tẹ́ kẹ̀kẹ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Èmi àti Sìdí rẹ́rìn-ín títí a fi jókòó.

"Ta lẹ ń lọ bá lódìkejì?"

Sìdí ló dáhùn: "Àǹtí Rísì ni, sà. Bọ̀ọ̀dá wa fẹ́ fẹ́ wọn."

Bàbá wo Bọ̀ọ̀dá láti orí dé ẹsẹ̀. Wọ́n kó wa sínú ọkọ̀, wọ́n sì tù wá sọdá. Lódìkejì, ìyá Àǹtí Rísì fún wa ní ẹ̀kọ àti ẹja àrọ̀ olóbẹ̀ ata. Àǹtí Rísì ń fọ ṣáátì, wọ́n ń sọ pé, "Mo gbé! Ṣé mi ò kìlọ̀ fún yín?" Bọ̀ọ̀dá ti abọ́ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èmi ni mo jẹ ẹja wọn.

Nígbà tí à ń padà, Bàbá dá àjẹ̀ dúró láàárín odò. "Ẹnìkan fi mọ́tò wá nítorí Rísì lọ́dún tó kọjá. Inú mọ́tò ló jókòó sí tó fi kí mi. Mo ní kó sọ̀ kalẹ̀, ó ní ẹrẹ̀ wà nílẹ̀." Wọ́n tukọ̀ díẹ̀ sí i, wọ́n kọjú sí Bọ̀ọ̀dá. "Sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ kó wá rí mi. Àmọ́ kó má gun kẹ̀kẹ́ wá o."

Bọ̀ọ̀dá fẹ́ dọ̀bálẹ̀ nínú ọkọ̀, Bàbá ní kí wọ́n jókòó kí wọ́n má rì wá. Odidi ọ̀nà etí odò ni Bọ̀ọ̀dá fi kọrin lórí kẹ̀kẹ́ tí kò ní bíréèkì.

Ayé ti yí padà. Èmi ò kàwé jìnnà, iṣẹ́ táyà ni mò ń ṣe ní Challenge, n'Ìbàdàn níbí. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni ìyá ọmọ mi, orí fóònù ni mo sì ti ń kí bàbá rẹ̀. Wọ́n á ní, "Ṣé dáadáa ni?" Màá ní, "Dáadáa ni, sà." Káàdì á tán. Ọmọ wa ti ń sáré kiri báyìí, bàbá yẹn ò tíì rí ojú mi. Ó rọrùn báyìí lóòótọ́. Ẹnikẹ́ni ò ní kí n padà sókè. Bẹ́ẹ̀, ojoojúmọ́ ni ọkọ̀ Ìjẹ̀bú ń dúró fẹ́ táyà lọ́dọ̀ mi. Ojú máa ń tì mí bí wọ́n bá ń lọ.

Lánàá, mo ní kí awakọ̀ Ìjẹ̀bú kan fi àyè sílẹ̀ fún wa ní Sátidé. Mo sọ fún ìyá ọmọ mi. Ó ní ìgbà tí òun bá rí àyà mi nílẹ̀ níwájú bàbá òun ni òun tó máa gbà mí gbọ́.