Ìṣẹ́jú Mẹ́tàdínlógún Cecilia

Bí ẹ bá fẹ́ rí ọkùnrin tó máa ń na ọmọ ilé-ìwé nítorí pé ó pẹ́ dé, tí òun fúnra rẹ̀ sì pẹ́ dé ibi ìgbéyàwó ara rẹ̀, ẹ wá sí Kàbà, kí ẹ béèrè Tíṣà Hezekiah. Bàbá mi ni. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ló fi kọ́ ọmọ ní ìlú Ìyàrá, tó ń dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú pàṣán. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn, Cecilia ìyá mi dúró níwájú pẹpẹ títí òdòdó ọwọ́ rẹ̀ fi rọ. Ìgbà tí ọkọ ìyàwó yọjú, ó ní òun ń bá ẹnì kan gbé àpò èlùbọ́ lọ́nà.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ra mọ́tò pupa tí à ń lò títí dòní, ohun àkọ́kọ́ tí ìyá mi ṣe ni pé ó fi ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún ti aago inú rẹ̀ síwájú. Bàbá mọ̀. Síbẹ̀, láràárọ̀, bó bá ti fojú kan aago yẹn, á tẹ mọ́tò mọ́lẹ̀ bí ẹni tí adájọ́ ń dúró dè. Ìyá mi á máa rẹ́rìn-ín sínú.

Ó di ọdún méjì tí ìyá mi ti kú. Láti ìgbà náà, bí Bàbá bá ti jókòó sídìí ọkọ̀, aago ló kọ́kọ́ ń kí, bí a ti ń kí ara wa nílẹ̀ wa:

"Okun o, Cecilia. O tún ti tàn mí."

Èmi Ṣèyífúnmi, àbíkẹ́yìn wọn, ẹnu mi kì í sinmi. "Bàbá, ṣé wọ́n dáhùn?"

"Ó ní kí n sọ fún ọ pé kí o panu dé."

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, iná kékeré tó wà lẹ́yìn aago náà kú. Nọ́ńbà ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ojú aago ṣú; àfi kí èèyàn fọwọ́ ṣíji bò ó kó tó rí i fírífírí. Bàbá tẹjú mọ́ ọn fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, ó ní ká lọ bá Babátọ́pẹ́, rìwáyà tó ń tún iná mọ́tò ṣe lẹ́bàá títì.

Babátọ́pẹ́ wò ó lẹ́ẹ̀kan. "Tíṣà, gúlóòbù ló jó. Kò le rárá. Ẹ jẹ́ kí n yọ orí bátìrì ná."

"Má yọ orí bátìrì."

"Hẹ̀n?"

"Bí o bá yọ ọ́, aago á gbàgbé àkókò. Ọwọ́ ìyàwó mi ló tò ó. Gbogbo ohun tí Cecilia ń ṣe ló ti dúró. Èyí nìkan ló ṣì ń lọ."

Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí n ti sọ̀rọ̀. Ẹ̀fẹ̀ ni mo fi ṣe.

"Bọ̀dá Babátọ́pẹ́, iṣẹ́ abẹ ni o. Ẹ má jẹ́ kí aláìsàn mọ̀ pé ẹ wọlé."

Ó fi rọ́bà wé púláyà, ó fa aago náà jáde jẹ́jẹ́ pẹ̀lú wáyà lẹ́yìn rẹ̀. Bó ṣe ń ti gúlóòbù tuntun bọ̀ ọ́, irin kan irin. Ó ta pàrà. Fíúùsì jó, ojú aago ṣófo.

"Ẹ má bínú, Tíṣà. Mo sọ ọ́."

Ó pààrọ̀ fíúùsì. Aago náà sì tàn, ó mọ́lẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Aago kan géérégé ló wà lójú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìyálẹ̀ta la wà.

Bàbá sọ̀ kalẹ̀, ó lọ jókòó sórí táyà kan lábẹ́ igi káṣú. Mo kúnlẹ̀ tì í. Mo rò pé òtítọ́ á tù ú nínú.

"Bàbá, kì í ṣe èyí tí Màámi fọwọ́ ara wọn tò ló bàjẹ́ yìí. Lẹ́yìn ìsìnkú, nígbà tí ẹ wà ní Ògìdì lọ́dọ̀ àwọn ẹbí wọn, bátìrì kú pátápátá. Mo ní kí wọ́n gba iná sí i. Èmi ni mo tún aago tò, kí ẹ má baà mọ̀."

Ó wò mí títí.

"Láti ìgbà yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ìwọ ni mo wá ń kí láràárọ̀."

Mo ti gbé awò ojú bàbá yìí pamọ́ sínú ìkòkò ìrẹsì rí, ó sì fi ẹ̀rín lé mi káàkiri ilé. Lọ́jọ́ yìí, kò rẹ́rìn-ín. Èmi náà wá ẹ̀fẹ̀ lẹ́nu mi, n kò rí i.

Nígbà tí a padà sínú mọ́tò, ó ní, "Tò ó bí o ṣe tò ó nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí n rí ọ."

Ó kọjú sí fèrèsé. Mo ń tẹ bọ́tìnnì, ẹkún ò jẹ́ kí n mọ iye tí mo tẹ̀. Òun náà ò béèrè.

Láti ìgbà tí a délé, kò fọwọ́ kan mọ́tò mọ́ títí di ọjọ́ Ìsinmi. Lọ́jọ́ náà, a dé ṣọ́ọ̀ṣì kí ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn tó dé. A jókòó sínú mọ́tò. Aago ń tàn. Bàbá wò ó, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, ó sì pa á dé. Ó yíjú sí mi.

"Okun, Ṣèyífúnmi."

"Okun o, Bàbá."

Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó fi bo ojú aago náà.