Sátidé Tí Bàbá Mi Kó Gọ́tà Nítorí Ẹsẹ̀ Mi

Ìyá mi kò gbà rárá pé èèyàn lè máa sáré láìjẹ́ pé nǹkan ń lé e. "Ajá ni àbí olè?" Bó ṣe máa ń bi mí nìyẹn bí mo bá ti ń so okùn bàtà mi ní ìdájí. Tí mo bá ní kò sí nǹkan tó ń lé mi, á kọjú sí bàbá mi: "Ẹ gbọ́ ọmọ yín o. Tíṣà, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, tó yẹ kó máa múra ilé ọkọ, Mushin ló ń sáré lọ."

Bàbá mi á kàn máa fẹ́ atẹ́gùn sí tíì rẹ̀.

Surulere là ń gbé, nígbà ìjọba ológun. Bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè ni, ọwọ́ rẹ̀ kò sì rí nǹkan ṣe mọ́. Ó ti tún gbogbo ohun tó bàjẹ́ nílé ṣe, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú èyí tí kò bàjẹ́. Nígbà tí mo sọ fún un pé mo ti forúkọ sílẹ̀ fún máratọ́ọ̀nù, eré-ìje onímáìlì mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: "Ta ló máa bá ọ gbé omi?"

Lọ́jọ́ kejì, ó wọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jáde lábẹ́ àtẹ̀gùn, ó fẹ́ táyà rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ibi tí mo bá sáré dé, ó ń bọ̀ lẹ́yìn mi. Kì í sọ̀rọ̀. Bí mo bá ń fà sẹ́yìn, á lu aago kẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bí eré mi bá ti pọ̀ jù, á wúkọ́.

N kò tíì sá ju máìlì mẹ́tàlá lọ rí. Olùkọ́ kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé wa ní eré ìdárayá wá sọ fún mi pé ẹni tí kò bá tíì sá máìlì méjìdínlógún, kó má wulẹ̀ yọjú lọ́jọ́ eré-ìje. Bàbá mi gbà á bí àṣẹ ìjọba. Ó ya ojú ewé kan nínú kàlẹ́ńdà, ó sì kọ ọ̀nà tí a máa gbà sẹ́yìn rẹ̀: Surulere sí Mushin, Mushin sí Yaba, Ebute Metta, Ijora, títí dé èbúté Apapa, ká wá gba Ijora àti Costain padà sílé. Àwa méjèèjì ka ẹ̀yìn ìwé yẹn ní àkàtúnkà. Kò sẹ́ni tó yí i padà wo iwájú rẹ̀.

Aago márùn-ún ìdájí Sátidé la gbéra. Òórùn búrẹ́dì ló pàdé wa ní Mushin. Ní Ebute Metta, ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì ibi tí bàbá mi ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ rí wa, ó sáré dìde.

"Ọ̀gá! Ṣé ẹ ti padà sẹ́nu iṣẹ́ ni?"

"Rárá o," ni bàbá mi wí, kò sì dúró. "Mo ti gba iṣẹ́ mìíràn."

Èmi ni iṣẹ́ náà. N kò wo ẹ̀yìn, àmọ́ ara mi fúyẹ́ títí tí a fi dé Apapa.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, oòrùn ti yọ, itan mi ti le bí igi. Ní Ijora, ọ̀nà dá páropáro. Kò sí ọkọ̀ kan tó ń rìn.

"Ọlọ́run ti bá wa la ọ̀nà," ni bàbá mi wí.

Mo wá rí àwọn obìnrin tó ń roko níwájú ilé ìkẹ́rùsí kan, tí àwọn ọkùnrin ń fi ṣọ́bìrì kó gọ́tà. "Bàbá, Sátidé wo la wà yìí?"

Ó yọ ewé kàlẹ́ńdà náà lápò, ó yí i sí iwájú. "Yéè! Èyí tó kẹ́yìn oṣù ni."

Nígbà náà, ní Sátidé tó bá kẹ́yìn oṣù, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rìn láti aago méje sí mẹ́wàá. Gbogbo ìlú ló ń ṣe ìmọ́tótó, wọ́n sì máa ń fi ìyà jẹ ẹni tí wọ́n bá mú. Àmọ́ iwájú nilé wa wà. A ń lọ.

Ní Costain, sójà kan dá wa dúró, kòbókò lọ́wọ́.

"Níbo lẹ ń lọ?"

"Ilé ni," ni bàbá mi dáhùn. "Ẹ má bínú, a gbàgbé ni. Ọmọ mi ló ń sáré, láti aago márùn-ún."

"Kí ló ń lé e?"

Inú ìyá mi ì bá dùn ká ní ó wà níbẹ̀. Sójà náà ní kí n lóṣòó, kí n fò bí ọ̀pọ̀lọ́ lẹ́ẹ̀mẹẹ̀dógún. N kò lóṣòó; ojú kan ni mo dúró sí tí mo ń sáré, torí mo mọ̀ pé bí orúnkún mi bá fi lè tẹ̀, kò ní í nà mọ́ lọ́jọ́ náà.

Bàbá mi rọra fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Ó di etí rẹ̀ méjèèjì mú, ó lóṣòó, ó sì fò. "Èmi ni mo mú un jáde," ó wí. "Èmi ni kí ẹ jẹ níyà." Ó tún fò. Ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé.

Kí ó tó fò lẹ́ẹ̀kẹta, sójà náà ti di apá rẹ̀ mú. "Bàbá, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má kó bá mi." Ó wò mí bí mo ṣe ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún lójú kan. "Mélòó ló kù fún un?"

"Máìlì méjì."

"Kó máa lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin, ẹ gba ṣọ́bìrì. Ẹ wo gọ́tà níbẹ̀ yẹn."

Bàbá mi gba ṣọ́bìrì bí ẹni gba ẹ̀bùn. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí i pé mo ṣì wà níbẹ̀. "Kí lo ń wò? Máa lọ!"

Ẹkún ni mo fi sá ìdajì máìlì àkọ́kọ́. Àwọn tó ń gbálẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà dúró ń wò mí. Obìnrin kan ké sí mi pé, "Àǹtí, ta ló kú?" N kò ní èémí tí mo lè fi dá a lóhùn. Etí mi ń wá aago kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn, kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí ẹsẹ̀ mi fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, èmi fúnra mi ké "kíríń, kíríń" síta bí wèrè, mo sì ń sá lọ.

Ìyá mi wà níwájú ilé pẹ̀lú ìgbálẹ̀. "Bàbá rẹ dà?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo rò pé á pariwo. Ó wọlé, ó gbé omi gbígbóná jáde nínú bàsíà, ó da iyọ̀ sí i, ó sì jókòó sílẹ̀ bọ́ bàtà òkìríkà mi fúnra rẹ̀. Èékánná ẹsẹ̀ mi kan ti dúdú.

"Máìlì mélòó?"

"Méjìdínlógún."

Ó ki ẹsẹ̀ mi bọ omi. "Ó jìn o," ló wá sọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ẹsẹ̀ mi.

Aago mẹ́wàá kọjá dáadáa kí bàbá mi tó dé, ẹrọ̀fọ̀ dé orúnkún rẹ̀. Kò tilẹ̀ tíì kí ìyá mi tó fi bi mí pé, "Ṣé o dúró níbì kankan?"

"N kò dúró, Bàbá."

Ó mi orí. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, mo parí máratọ́ọ̀nù náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ṣáájú ti wẹ̀, wọ́n ti jẹun. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sátidé yẹn, ìyá mi ní kí n sún ẹsẹ̀ mi, kí bàbá mi lè rí àyè ki tiẹ̀ bọ inú bàsíà kan náà. Omi dúdú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìyá mi ń bá a wí, kò gbọ́.

"Gọ́tà yẹn," ló ń sọ fún mi, "ó ti dí tipẹ́tipẹ́. Tóo bá rí i báyìí, omi ń ṣàn níbẹ̀ geere."