Àwọn Òròmọdìyẹ Tó Fi Sùtánà Mi Ṣe Ìyá

Ẹ jẹ́ kí n rojọ́ yìí tán kẹ́ ẹ tó rẹ́rìn-ín. Ó ku ọ̀la kí adìyẹ mi pamọ ni ọ̀kadà gbá a pa níwájú ilé wa ní Ìdànrè. Mo kó ẹyin méje rẹ̀ sínú agbọ̀n, mo fi àkísà bò wọ́n, mo gbé wọn sẹ́bàá ààrò.

Ìyàwó mi ní, “Baba, ẹ kúkú jókòó lé wọn.”

Àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ni ẹyin pa. Mo ti wọ sùtánà funfun mi, mo ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo lóṣòó kí n wò wọ́n. Kí n tó dìde, àwọn méjèèje ti wà lábẹ́ ìṣẹ́tí aṣọ mi.

Mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo bọ́ sùtánà, mo wọ aṣọ oko, wọn ò dá mi mọ̀ mọ́. Mo da àgbàdo lílọ̀ sílẹ̀, wọn ò wò ó. Igbe ni wọ́n ń ké kiri àgbàlá, bẹ́ẹ̀ àṣá ti ń rà bàbà lókè àpáta. Àfìgbà tí mo tún sùtánà wọ̀ ni wọ́n tó sáré wá jẹun.

“Wòlíì adìyẹ!” Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. “Ìjọ yín mà ti ń pọ̀ o. Ṣùgbọ́n aṣọ tí mo fọwọ́ ara mi fọ̀, ẹ ò ní wọ́ ọ nínú ìgbẹ́ adìyẹ mọ́.”

Mo pe ọmọ-ọmọ mi obìnrin tó ń kọ́ nípa ọpọlọ ẹyẹ ní yunifásítì.

Ó ní, “Bàbá àgbà, ohun tí wọ́n bá kọ́kọ́ rí tó ń rìn ni wọ́n ń mú ní ìyá. Ọpọlọ wọn dà bí igbó tí wọn ò tíì là. Àwọn okùn tín-ín-rín tó ń bára wọn sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, èyí tí ẹ bá ń tọ̀ ló ń di ọ̀nà. Èyí tẹ́nikẹ́ni ò tọ̀, igbó á bò ó.”

“Ṣé n kò lè la òmíràn ni?”

“Ọjọ́ díẹ̀ péré nilẹ̀ igbó náà fi ń rọ̀ kó tó le, Bàbá. Ẹ kú ewu ọmọ o.”

Ìwé ni mo rán an lọ kọ́ o.

Ìyàwó mi ló gbà wá. Ó fa sùtánà mi àtijọ́ tí àbẹ́là ti jó lápá jáde, ó fi kọ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ń sá kòkó sí. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ẹ, àwọn ọmọ sì rọ́ sábẹ́ rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, àṣá já wálẹ̀, ó rí aṣọ funfun tó ń ju apá, ó yáa gbọ̀nà àpáta lọ. Àwọn méjèèje ló yè.

Wọ́n ti dàgbà báyìí. Síbẹ̀, ọjọ́ Ìsinmi kì í rọrùn fún mi. Inú ọ̀rá ni mo ń di sùtánà sí, ẹ̀yìnkùlé ni mo ń yọ́ gbà, ó di ṣọ́ọ̀ṣì kí n tó wọ̀ ọ́. Ìyàwó mi á sì yọjú ní fèrèsé, á figbe ta:

“Baba, ẹ gbàgbé àwọn ọmọ yín o!”