Kọfí Tí Asẹ́ Baba Mi Gbà

Àkùkọ kò tíì kọ l'Ọ́mùò-Èkìtì tí mo ti jókòó sínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Jos, mo gbé asẹ́ onírin baba mi lé itan bí ọmọ ọwọ́. Ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí, ife irin méjì ni, ọ̀kan gun orí èkejì. Ti òkè ní ihò wínníwínní nídìí. Ẹ ó da kọfí lílọ̀ sí i, ẹ ó bu omi gbígbóná lé e, ẹ ó wá káwọ́ lẹ́rán. Á máa kán tó, tó, tó, sínú ti ìsàlẹ̀. Oníwàǹwára kò lè lò ó. Ará Íńdíà kan tí òun àti Baba jọ ń ṣe olùkọ́ ní Jos ló fi ta wọ́n lọ́rẹ.

Láràárọ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni Baba ti ń mu kọfí yìí, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ gbogbo ilé. Nígbà tí èyí tí wọ́n kó bọ̀ láti Jos tán, àbúrò mi ra kóró kọfí l'Ékòó, ó sì gbé e lọ síbi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata! Ó kúnná bí èlùbọ́, ó di ihò asẹ́ pa. Ìwọ̀nba tó kán, ata ló ń ta. Baba tọ́ ọ wò, wọ́n ní, "Ẹran rẹ̀ dà?" Wọ́n wọ yàrá lọ, wọn kò jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́. Bí àgbà bá ti pa ìjókòó ìta tì, ẹ̀yin náà mọ ohun tó ń bani lẹ́rù níbẹ̀. Ni mo bá ní n ó lọ wá kọfí Jos ní Jos.

Kòtò ló kún ọ̀nà Kábbà, síbẹ̀ oorun ni mo sùn kọjá ìlú náà. Ohùn dírẹ́bà ló jí mi ní Lọ́kọ́jà.

"Mọ̀mí, ẹ dìde o, a ti dé odò!"

"Kábbà ńkọ́?"

"Ẹ̀ ń hanrun nígbà yẹn. Kí lẹ tiẹ̀ fẹ́ rà ní Kábbà?"

A gba Kẹ́fí, a gba Àkwáńgà, ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Nílé wa, bí oòrùn bá ti yọ, òtútù ti lọ nìyẹn. Ní Jos, oòrùn ń ràn lójú mi kedere, eyín mi sì ń gbá ara wọn. Ní ọjà Farin Gada, iye tí wọ́n ń ta agbọ̀n tòmátì kan, abọ́ mélòó kan péré la ó fi rà nílé. Mo la ẹnu, mo gbàgbé láti pa á dé.

Lọ́jọ́ kejì mo rí Ìyá Síkírù ní Bauchi Road, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Jos, tó ń ta kọfí fún Baba nígbà tí wọ́n ń gbé àdúgbò Tudun Wada níbẹ̀.

"Sannu da zuwa!" Ẹ kú àbọ̀ nìyẹn lédè Hausa. Ojú rẹ̀ bọ́ sára asẹ́. "Kai! Asẹ́ Tísà rèé! Ṣé Tísà ti kú ni?"

"Wọn ò kú o, Ìyá. Kọfí ló tán."

"Haba! Àyà mi já!"

Ó gbé abọ́ méjì kalẹ̀. Kóró inú àkọ́kọ́ gùn, ó ń dán, òórùn rẹ̀ dà bí òdòdó. Orí òkè Mambila ló ti wá. Tinú èkejì kéré, ó rí roboto, ó dúdú bí èédú, epo ń yọ lára rẹ̀. Mo nawọ́ sí tàkọ́kọ́. Ìyá gbá ọwọ́ mi.

"Ṣé ojú lẹ fi ń mu kọfí ni?"

Ó gún tàkọ́kọ́ nínú odó títí ó fi rí bíi gàrí, ó sẹ́ ẹ. Ó dùn mọ́ imú, ṣùgbọ́n ó fúyẹ́, ó sì kan díẹ̀. Ó wá gún èkejì. Kí n tó gbé e dẹ́nu rárá, òórùn rẹ̀ ti gbé mi padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa.

"Ìyá, oko Jos wo lèyí ti wá?"

"Jos wo? Wallahi, Kábbà ni. Láti ìgbà tí Tísà ti ń rà á, Kábbà ni."

Mo jókòó sórí àpò. Kábbà! Kábbà tí èèyàn lè ti Ọ̀mùò lọ kó sì padà bá ọbẹ̀ lórí iná! Kábbà tí mo hanrun kọjá!

"Ṣé kí n rà á níbẹ̀ bí mo bá ń lọ?"

"Tútù lẹ ó bá a níbẹ̀. Ta ni yóò yan án? Àbí ẹ ó tún gbé e lọ síbi ẹ̀rọ ata?" Mo ti sọ ti ẹ̀rọ fún un, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá fi mí jókòó sídìí iná. Ọwọ́ kò gbọdọ̀ dúró nínú ìkòkò. Kóró á kọ́kọ́ ta pàpà, ẹ má gbé e sọ̀. Á dákẹ́, á tún ta lẹ́ẹ̀kejì. Epo á yọ, ẹ sáré gbé e.

Nígbà tí mò ń bọ̀, n kò sùn ní Kábbà. Ẹ̀bá ọ̀nà gan-an ni wọ́n sá a sí. Ẹnu ya obìnrin tó ni ín pé à ń mu ún: "Àwa kì í mu ún o, títà là ń tà á." Mo ra àpò kan, ẹnu ya èmi náà pé wọn kì í mu ún.

Nílé, mo yan kóró bí Ìyá Síkírù ṣe kọ́ mi, mo gún un títí ó fi rí bíi gàrí. Mo gbé asẹ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo bu omi lé e, mo káwọ́ lẹ́rán. Tó. Tó. Tó. Ilẹ̀kùn yàrá dún. Baba jáde, wọ́n jókòó, wọ́n fi ẹnu kàn án, wọ́n dijú.

"Kọfí Jos nìyí."

"Baba, Kábbà ni o."

"Kábbà tí mò ń gbà kọjá láti ìgbà èwe mi? Ìrìn ti rẹ̀ ọ́, ọmọ mi."

Mo tún bu omi lé asẹ́. Ẹ̀kọ́ tí mo kó bọ̀ ni pé kóró wà lẹ́bàá wa, ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n yan ló wà lọ́nà jíjìn. Baba gbé ife sọ̀.

"Lọ pe àbúrò rẹ wá. Ọ̀rọ̀ ata yẹn kò tíì tán."